Etí Mùlíkàt àti Bọ́ọ̀sì Tí Kò Jẹ́ Kí Píríńsípà Sùn

Bí Mùlíkàt bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ọkọ̀, orí ilẹ̀ inú ọkọ̀ náà ló máa ń sùn sí. Yóò bọ́ bàtà, yóò ká ìborùn rẹ̀ sábẹ́ orí, yóò di ojú. "Ẹ máa wà á lọ," ni yóò wí fún ẹni tó ni ọkọ̀. "Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀, ẹ má tan rédíò." Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Adébáyọ̀ tó forí lé ọ̀nà Ìyìn, tí táyà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ara rẹ̀ a fúyẹ́ bí òwú, a wá dà bíi pé ojú omi ló léfòó sí. Inú omi yẹn ni ariwo ti máa ń wá bá a ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹja tó ń yọjú wo ọ̀sán.

Láti Ọ̀yọ́ títí dé ibi tí ilẹ̀ Èkìtì parí sí, kò sí etí bíi tirẹ̀. Àwọn kan ní ó ń gbọ́ ọ bí èèrà bá kọsẹ̀. Ìyẹn lè jẹ́ àsọdùn. Ṣùgbọ́n èyí tí kì í ṣe àsọdùn ni ti ọjọ́ tó na ìka sí mọ́tò kan tó ń kọjá lọ ní òdìkejì títì, tó ní kọ́bọ̀ kan wà nínú ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì. Wọ́n tú ilẹ̀kùn náà, wọ́n bá kọ́bọ̀ méjì. Ọ̀kan ló ń dún, ìyẹn ló gbọ́. Èkejì ti há, kò lè pariwo. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, Adébáyọ̀ kò jìnnà, kó lọ bi wọ́n.

Kì í ṣe ọmọ Èkìtì. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí i sí, nínú àgbàlá àwọn tó ń hun aṣọ òfì. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń hun aṣọ ni ìyá rẹ̀ máa ń tẹ́ ẹ sí nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, kí oòrùn má baà pa á. Ìró òfì ni orin ìrẹ̀mọ́lẹ́kún tó kọ́kọ́ gbọ́ láyé. Bí fọ́nrán òwú kan ṣoṣo bá dẹ̀, ìró yẹn a yí padà díẹ̀, bàbá rẹ̀ a dá ọwọ́ dúró, a ní, "Ó ti dẹ̀." Kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀ ló ti mọ ìgbà tí nǹkan bá dẹ̀. Ọkọ ló gbé e wá sí Adó ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, láti ìgbà náà ló ti ń rán awọ sí àga ọkọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ oríta Adébáyọ̀, lábẹ́ igi fúrúǹtù. Àlájà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Mẹ́kà tó ti fojú rí kò ju èyí tó wà nínú kàlẹ́ńdà lọ.

Ó ní orúkọ fún ariwo kọ̀ọ̀kan. Èyí tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá ń gun òkè nìkan ló ń dún, Ọ̀lẹ ni. Èyí tó ń ké bí a bá ti fọwọ́ ba bíréèkì, Ẹlẹ́kún. Èyí tó ń dákẹ́ bí ènìyàn bá tẹ́tí sí i, tó tún ń bẹ̀rẹ̀ bí a bá gbọ́kàn kúrò níbẹ̀, Olófòófó nìyẹn, òun ló sì nira jù láti mú.

Ní oṣù kẹwàá kan báyìí, láàárọ̀ tí kùrukùru ṣì bo orí àwọn òkè tó yí Adó ká bí fìlà, ni bọ́ọ̀sì funfun gígùn kan yà wá síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń dún ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́, kọ́kọ́kọ́, wọ̀jọ̀wọ̀jọ̀, bí ẹni tó ru àpò ṣíbí tó tún ń sáré. Ìyá àgbà kan tó wọ awò ojú ló wà á wá: Màmá Monínúọlá Oyèmọ́lá, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ọkọ rẹ̀ ló jókòó tì í, Píríńsípà Oyèmọ́lá, tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ Èkìtì ní jọ́gíráfì. Ojú ọkùnrin náà pọ́n bí ìkóódẹ.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, Àlájà," Màmá wí.

"Ẹ káàbọ̀, Mà. Ọkọ̀ yín mà ń sọ̀rọ̀ ju èèyàn lọ."

"Ohun tó gbé wa wá nìyẹn. Kò jẹ́ kí Bàbá Bùsáyọ̀ sùn."

"Kí ni wọ́n wá oorun dé inú bọ́ọ̀sì fún?"

Píríńsípà ló dáhùn, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ bí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga. "Ulé mi nìyí. Ẹ wọlé."

Ilé ni lóòótọ́. Ibùsùn kan wà lẹ́yìn pẹ̀lú kọ́tìnì aláwọ̀ ewé. Sítóòfù gáàsì olójú méjì wà níbẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n to àwo sí, kẹ́ẹ̀gì omi méjì, ìjókòó róbótó kan tó ní tìmùtìmù lórí láàárín gbùngbùn, àti máàpù Èkìtì ńlá lára ògiri. Oòrùn àárọ̀ ń gba ara kọ́tìnì wọlé, gbogbo inú ọkọ̀ náà wá dà bí abẹ́ odò.

Màmá ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì ni oorun ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Agogo ilé ìwé kò dún sí i létí mọ́, ara rẹ̀ kò sì mọ ìyàtọ̀ òwúrọ̀ sí alẹ́ mọ́. Wọ́n lo oògùn, wọ́n gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì. Pàbó. Àfi ọjọ́ tí wọ́n ń lọ síbi ìsìnkú kan ní Àrámọ̀kọ̀, tí Màmá ń wa mọ́tò, tí ọkùnrin náà sùn láti Baṣírì títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń hanrun bí ẹ̀rọ ọlọ. Ni Màmá bá lọ ra bọ́ọ̀sì ilé ìwé kan tó ti gbó, ó pe kápẹ́ńtà, ó pe wẹ́dà, ó sọ ọ́ di ilé. Láràárọ̀ ló ń gbé ọkọ rẹ̀ kiri àwọn òkè Èkìtì bí ìyá tó pọn ọmọ. Odidi oṣù mẹ́ta ni ọkùnrin náà fi ń sun àsùndọ́kàn. Lẹ́yìn náà ni ariwo dé.

Màmá fa Mùlíkàt sẹ́yìn kọ́tìnì. "Ọjọ́ kọkànlá rè é tí kò tíì sun oorun gidi. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga kọjá bó ṣe yẹ, pé bí kò bá rí oorun sùn, òun ò mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Lánàá, orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú ló fi pè mí. Àlájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ariwo yẹn."

Mùlíkàt bọ́ bàtà, ó ká ìborùn, ó sùn sílẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, kí wọ́n tó dé Ìyìn, ó ti ka ariwo mẹ́rìndínlógún. Ìdérí kẹ́tùlù ni ọ̀kan. Ọ̀pá kọ́tìnì ni òmíràn. Ṣíbí méje ń jà nínú dúrọ́ọ̀, gíláàsì fèrèsé kan ti gbọ̀jẹ̀gẹ́, gbogbo bóòtù tó de kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ògiri ni nọ́ọ̀tù wọn ti ń tú. Ó fi sípánà fún wọn pa. Ó gé rọ́bà inú táyà sí wẹ́wẹ́, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ àwọn nǹkan; ó fi àjákù aṣọ òfì wé ọrùn gáàsì bí ìgbà tí wọ́n ń wé ọmọ ọwọ́. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Píríńsípà na ara rẹ̀ sórí ibùsùn, ojú rẹ̀ pa dé. Omijé bọ́ lójú Màmá níbi tó ti ń wakọ̀.

Ọjọ́ kẹta, bọ́ọ̀sì náà tún dé. Ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́.

Mùlíkàt tún un ṣe. Ọjọ́ kejì rẹ̀, ó tún dé.

Ògúntúndé tó ń na ara ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kejì gbé òòlù sílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àlájà! Ó dà bíi pé ẹ gbàgbé etí yín sí Ìsẹ́yìn nígbà tí ẹ lọ kí wọn lọ́dún!"

"Ìwọ tí o ti fi òòlù di etí ara rẹ, o tún ń dá sí ọ̀rọ̀ etí? Ìyàwó rẹ ní tí òun bá pè ọ́ wá jẹun, lẹ́tà lòun ń kọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú Mùlíkàt kò dùn. Ó wọ inú bọ́ọ̀sì, ó fọwọ́ ra àwọn bóòtù náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó fún pa ní ọjọ́ Ajé ti dẹ̀ ní ọjọ́rú. Ojú títì a máa mi ọkọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀tún sí òsì ni gbígbọ̀n tirẹ̀ ń lọ. Èyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan ló ń lu bọ́ọ̀sì yìí láti òkè wá sílẹ̀.

"Mà, ṣé ẹ ń fi ru ẹrù wúwo ni?"

"Rárá o."

"Ṣé ẹ ń jó nínú rẹ̀ ni?"

"Pẹ̀lú orúnkún wo?"

"Kí wá lẹ ń ṣe nínú rẹ̀?"

Màmá ronú. "A ń lọ. A ń dúró. A ń jẹun. A tún ń lọ."

Mùlíkàt wo Píríńsípà tó fara ti igi fúrúǹtù. Ọkùnrin náà ń bá ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa òjò. "Lọ́la, mo máa bá yín lọ látàárọ̀ dalẹ́," ó wí. "Ohun gbogbo tí ẹ máa ń ṣe ni kí ẹ ṣe. Ẹ ṣe bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gba Ìyìn kọjá, wọ́n gba Ìgèdè kọjá. Màmá kì í sáré. Ó ń wakọ̀ bí ẹni tó gbé àwo ọbẹ̀ lórí. Àwọn òkè ń jáde látinú kùrukùru ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wo bọ́ọ̀sì náà kọjá, wọ́n tún ń padà sínú rẹ̀. Mùlíkàt wà lórí ilẹ̀, ó ń gbọ́ ariwo tó ti mọ̀ lórúkọ, ó ń gbọ́ Píríńsípà tó ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún lórí ibùsùn. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, Màmá yà sábẹ́ àwọn igi tííkì kan lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ó pa ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ ń fọwọ́ pa ewé. Ẹnì kan ṣáná sí gáàsì. Omi ń hó níbì kan. Oorun gbé Mùlíkàt lọ.

Ó rí ara rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ó ti padà di ọmọdé. Bàbá rẹ̀ jókòó sídìí òfì, ó ń hun aṣọ kan tó gùn lọ títí dé orí òkè. Ìró òfì náà ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lójijì, ó yí padà. Gbì. Gbì. Gbì. Òwú bẹ̀rẹ̀ sí í tú ní fọ́nránfọ́nrán, gbogbo aṣọ náà sì ń ká kúrò lórí òkè. "Bàbá, ó ti dẹ̀!" ni ọmọ náà kígbe, ariwo ẹnu rẹ̀ ló sì jí i.

Ó la ojú. Kọ́tìnì ti di títì yíká. Wọ́n ti ká tìmùtìmù kúrò lórí ìjókòó róbótó àárín ọkọ̀, ìyẹn ìjókòó tí òun fúnra rẹ̀ ti jókòó lé láìmọye ìgbà. Odó ni. Píríńsípà Oyèmọ́lá ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó di ọmọ odó mú, ó ń gún iyán bí ẹni tó ń bá ilẹ̀ jà. Ní gbogbo ìgbà tí ọmọ odó bá balẹ̀, gbogbo bóòtù inú bọ́ọ̀sì ń fò díẹ̀, wọ́n sì ń tú díẹ̀.

"Ẹ dúró!" Mùlíkàt dìde jókòó. "Kí nìyẹn?"

"Odó ni," Màmá wí, ó mú ègé iṣu kan tó gbóná lọ́wọ́.

"Láti ìgbà wo ló ti wà níbí?"

"Láti ìgbà tí a ti ní bọ́ọ̀sì. Wẹ́dà ló fi bóòtù mẹ́rin kàn án mọ́ irin abẹ́ ọkọ̀, kó má baà máa yí lọ bí a bá ń gun òkè."

"Ẹ ń gún un lójoojúmọ́?"

Píríńsípà wò ó tàánútàánú. "Àlájà, Èkìtì la wà."

"Ẹ ò sì sọ fún mi!"

"Hẹ̀ẹ́n," ni Màmá wí, "ta ló ń sọ fún dókítà pé òun mí lánàá?"

Ọ̀rọ̀ wá yé Mùlíkàt. Ta ni kò mọ̀ pé bí ènìyàn bá jẹ iyán gbígbóná yó, oorun yóò wá bá a níbi tó bá jókòó sí? Ìgbàgbọ́ yẹn ni Píríńsípà dìrọ̀ mọ́. Ìgbà tó sùn dáadáa, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló ń gún un. Nígbà tí ariwo bẹ̀rẹ̀, tí oorun dínkù, ó sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì. Báyìí tí kò sùn mọ́ rárá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni.

"Sà, ohun tí ẹ fi ń pe oorun náà lẹ fi ń lé e lọ."

"Irọ́!" Ó lu ọmọ odó mọ́lẹ̀. "Uyán kọ́! Ẹ lè ní táyà ni, ẹ lè ní kápẹ́ńtà ni. Ẹ̀yin ará ọ̀hún tí ẹ ń fi ọkà ṣe ayọ̀, ẹ fẹ́ wá ba uyán lórúkọ jẹ́ níwájú òkè baba mi!"

"Ṣé ẹ ní ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́?"

Ìbéèrè náà yà á lẹ́nu. Ó fọwọ́ sí àpò ṣòkòtò, ṣọ́ọ̀kì sì wà níbẹ̀, nítorí ẹni tó fi ọdún márùndínlógójì di ṣọ́ọ̀kì mú kì í mọ ìgbà tí àpò rẹ̀ kò ní i. Mùlíkàt fún nọ́ọ̀tù kan pa lára kọ́bọ́ọ̀dù. Ó fa ìlà funfun kan tó tọ́ gbọnrangandan láti orí nọ́ọ̀tù náà bọ́ sára irin. "Ó yá, Sà. Ẹ máa gún un."

Tìbínútìbínú ni Píríńsípà fi gún un. Ó gún un títí iyán fi ń dán bí ojú ọmọ tuntun. Nígbà tó dúró láti mí, Mùlíkàt ní kó wá wò ó. Ìlà náà ti gé sí méjì. Apá kan ti yà lọ sápá òsì.

Píríńsípà wo ìlà náà pẹ́. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún ìlà náà wò. "Ṣọ́ọ̀kì," ó wí níkẹyìn, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ṣọ́ọ̀kì kò parọ́ fún mi rí."

"Ìta ni kí ẹ ti máa gún un, Sà. Mo máa tú u kúrò báyìí."

Píríńsípà fi ìka kan ṣí etí kọ́tìnì, ó ń wo títì. Ọ̀kadà méjì kọjá. "Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ló kún ọ̀nà yìí," ó wí. "Kí wọ́n wá rí Píríńsípà ní gbangba pẹ̀lú ọmọ odó, bí ọmọ ọ̀dọ̀?"

Ìgbà náà ni Màmá sọ ọ́. "Èjìká mi ni, Àlájà. Ọdún karùn-ún rè é tí n kò lè gbé ọmọ odó kọjá orí. Òun ló ń gún un fún wa. Òun ló ní ká máa ti kọ́tìnì." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Bùsáyọ̀, mo ti bá yín gbé kọjá ogójì ọdún. Ẹ má jẹ́ kí n tìtorí kọ́tìnì di opó."

Afẹ́fẹ́ fẹ́ díẹ̀, ewé tííkì kan bọ́ sórí òrùlé ọkọ̀. Píríńsípà fa kọ́tìnì sẹ́yìn, ó ṣí gbayawu, ìmọ́lẹ̀ dà wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di etí odó mú. "Ẹ mú sípánà yín wá," ó wí.

Wọ́n gbé odó sílẹ̀ lórí táyà ìpààrọ̀, lábẹ́ igi, Màmá sì da iṣu tó kù sínú rẹ̀. Píríńsípà kò tíì gún un ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ tí ọ̀kadà kan fi fa bíréèkì lójú títì. Ọkùnrin gíga kan ló bọ́ sílẹ̀.

"Píríńsípà! Ẹ kú uṣẹ́ o!"

Ọmọ odó dúró lókè. "Ìwọ ta ni?"

"Ayọ̀kúnlé ni, Sà. Èmi tí mo ya odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ kó máa gun òkè lọ nínú máàpù."

"Haà! Olódo!"

"Èmi náà ni, Sà." Ó ti ń fomi kẹ́ẹ̀gì ṣan ọwọ́. "Ẹ gbé e fún mi. Ẹ ti nà mí tó nígbà yẹn, ẹ jẹ́ kí n bá yín na èyí."

Píríńsípà fẹ́ kọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti mú un, ìyẹn sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Mùlíkàt gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ jẹ iyán náà lórí koríko. Ayọ̀kúnlé jẹ tirẹ̀ tán, ó tún jẹ nínú ti Mùlíkàt, ó ní ará Ìsẹ́yìn kò mọ ibi tí wọ́n ti ń mú òkèlè.

Lẹ́yìn náà ni Mùlíkàt tún gbogbo bóòtù inú bọ́ọ̀sì náà fún pa, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìn. Ó fi rọ́bà di ihò mẹ́rin tí odó fi sílẹ̀. Ó wé odó fúnra rẹ̀ sínú bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ibùsùn, ó sì fi okùn dè é. Màmá ṣáná sí ọkọ̀, wọ́n forí lé Adó.

Mùlíkàt sùn sílẹ̀, ó di ojú. Ó dúró de Ọ̀lẹ ní orí òkè àkọ́kọ́, kò wá. Ó dúró de Ẹlẹ́kún níbi ìsọ̀kalẹ̀, kò wá. Ó ṣe bí ẹni tó ń ro nǹkan mìíràn, kó lè tan Olófòófó jẹ, kí ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Ìdákẹ́rọ́rọ́ nìkan ló wà níbẹ̀, ó nípọn, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí aṣọ tí kò ní fọ́nrán kan tó dẹ̀.

"Ṣé a ti ń lọ?" Píríńsípà bèèrè láti orí ibùsùn.

"A ti dé Ìyìn, Sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ó wí. Kò sọ òmíràn mọ́.

Kí wọ́n tó wọ Baṣírì, ó ti ń hanrun. Nígbà tí wọ́n dé Adébáyọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ hàn lábẹ́ igi fúrúǹtù, Mùlíkàt gbé ọwọ́ sókè láti lu ara ọkọ̀, kó ké pé, "Ó wà o!" Ó rí ojú Màmá nínú dígí. Ojú náà kò bẹ̀ ẹ́, kò pàṣẹ fún un. Ó kàn ń wò ó. Bí ọkọ̀ bá dúró, ẹni tó ń sùn yóò jí. Mùlíkàt rọra gbé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Àlájà! Ṣọ́ọ̀bù yín rè é!" Ògúntúndé kígbe, ó ń ju òòlù sókè.

Mùlíkàt fi ìka lé ètè. Bọ́ọ̀sì náà kọjá. Ó dé Òkè-Ìlá, ó yí padà láìdúró, ó tún wá kọjá. Ní àkókò yìí, Ògúntúndé kàn dúró, ó ya ẹnu sílẹ̀.

"Ṣé ẹ ní ẹni tó ń dúró dè yín?" Màmá bèèrè, ohùn rẹ̀ kò ju ti afẹ́fẹ́ lọ.

"Mo ní oníbàárà mẹ́ta, Mà."

"Ṣé kí n dúró?"

Mùlíkàt tẹ́tí sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó tún orí rẹ̀ gbé lé ìborùn. "Ẹ máa wà á lọ," ó wí.

Wọ́n kọjá Adébáyọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n gba ọ̀nà Ìwòròkó, níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń tẹ́ ara rẹ̀ sórí títì, tí àwọn òkè sì tún ti ń wá aṣọ ìbora wọn. Nínú gbogbo bọ́ọ̀sì náà, ẹnì kan ṣoṣo ló ń pariwo, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kó dákẹ́.